Tíṣà Ọlábímtán Bọ̀wọ̀ fún Òkè

Bó o bá dárúkọ Tíṣà Ọlábímtán ní Kábà, kó o tó pè é tán, ẹnì kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Àlùfáà Josiah. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tá a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwárà. Tíṣà fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ gbé èèyàn mẹ́ta lọ sí Aiyétòrò Gbẹdẹ. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ó dúró, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún òkè." Ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ gùn ún, kóun dúró dè wọ́n lókè. Àwọn yòókù sọ̀. Àlùfáà ní òun ò sọ̀ o, òun ò tíì rí ọkọ̀ tó ń lé èrò. Tíṣà ò bá a jiyàn. Ọkọ̀ gùn ún dé ìdajì, ó húkọ́, ó dúró díẹ̀, ló bá ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ títí tó fi padà síbi tó ti gbéra. Tíṣà wá yíjú sẹ́yìn. "Àlùfáà, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú ọkọ̀ o. Bí ẹ bá ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan tẹ́ ẹ ò tíì jẹ́wọ́, ẹ tètè sọ ọ́ sílẹ̀, ó wúwo."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ló kéré, kí la tún fẹ́ pè é? Àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ ọ́ lójú Tíṣà? Bó bá fẹ́ gbé ọ, á wò ọ́ láti òkè délẹ̀, á ní, "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?" Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ ni, wọlé. Bó bá jẹ́ iyán ni, á ní kó o rọra máa ṣe fàájì, kí iyán náà kọ́kọ́ dà nínú rẹ. Agatha tó ń ta aṣọ purọ́ fún un lọ́jọ́ kan pé òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, Tíṣà wò ó nínú dígí, ó mi orí. "Agatha, iyán ni mò ń gbọ́ yẹn." Bẹ́ẹ̀ Tíṣà fúnra rẹ̀, sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin ni. Bó bá ti jókòó, ọkọ̀ á tẹ̀ sí apá kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó nígbà tí bẹntiróò wọ́n bí ojú! Gbogbo ọlọ́kọ̀ ńlá tò sílé epo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, Tíṣà á sì rọra kọjá níwájú wọn, á fun fèrè, á fi èdè wa kí wọn. "Okun o! Ẹ kú ìdúró o! Tèmi kì í mu bẹntiróò, ó kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni."

Nǹkan kan ṣoṣo ló ká a lára jù láyé. Rebecca, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ṣègbéyàwó ní Aiyétòrò Gbẹdẹ, Tíṣà sì ti búra pé òun ló máa fi ọkọ̀ yẹn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oyèbánjí, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ní ọkọ̀ ńlá kan, fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ọmọ. Àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó bọ̀wọ̀ fún òkè lójú àna ni?"

"Oyèbánjí, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e wálé láti ọsibítù tí wọ́n bí i sí. Ta ló tún fẹ́ gbé e délé ọkọ?"

Martha ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Tíṣà ní kò ṣeé ṣe.

Ọjọ́ pé. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Martha sọ̀, ọ̀rẹ́ ìyàwó sọ̀. Rebecca náà ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè. Tíṣà pariwo mọ́ ọn, "Jókòó síbẹ̀! Ìyàwó wo ló ń fẹsẹ̀ gun òkè?" Ọkọ̀ gbìyànjú, ó dé ìdajì, ó padà. Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. Oyèbánjí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Tíṣà fọwọ́ méjèèjì lé síárìn ọkọ̀, ó ń wo òkè náà. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Rebecca, bọ́ síwájú. Ìwọ ni wàá wà á."

Òun ló kúkú kọ́ ọmọ náà ní ọkọ̀ wíwà lórí pápá ilé ìwé. Bí ọkọ̀ ṣe bọ́ lábẹ́ Tíṣà báyìí, fẹ̀ẹ̀, ó gun òkè bí ewúrẹ́! Àwọn tó ń ti oko bọ̀ dúró wòran: ìyàwó ń wa ara rẹ̀ lọ ṣègbéyàwó, bàbá ìyàwó ń fi agbádá gbálẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Obìnrin kan ní, "Okun o, Tíṣà! Ṣé ìyàwó lé yín sọ̀ ni?"

Ibẹ̀ la máa ń rẹ́rìn-ín dé. Ọjọ́ tá a sin òkú Tíṣà ni Oyèbánjí tó sọ èyí tó kù fún wa, torí ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, òun àti Tíṣà ni wọ́n jọ fẹsẹ̀ gun òkè yẹn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé, 'Gbọ́ bó ṣe yí jíà yẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A rìn díẹ̀ sí i, ó ní, 'Mo ti rò pé èmi ni màá gbé e lọ, Oyèbánjí. Wò ó, ó ti ń gbé ara rẹ̀ lọ.' Mo wojú rẹ̀, omi ti kún un. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún.' Ó ní, 'Ta ló ń sunkún? Òógùn ni.' Ìgbà tá a débi tí ọkọ̀ dúró sí, Rebecca ti kúrò níwájú. Ó ti padà sẹ́yìn, ó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Ó ní, 'Bàbá mi, ẹ wá gbé mi lọ sílé ọkọ.'"

Oyèbánjí fi etí aṣọ nu ojú. Rebecca ló bá a parí rẹ̀. Ó ní láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan mọ́. Síbẹ̀, bàbá òun rọra wà á débi pé orin kejì ni wọ́n ń kọ nígbà táwọn dé. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló fà á.