Ajá Tí Mo So Síwájú Ìbọn

Joel ni orúkọ mi, Òde-Ayé ni wọ́n bí mi sí, oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń ro, mo sì ń dẹ ọdẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ọláṣùpọ̀ ló kọ́ mi lọ́dẹ. Ọkùnrin náà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, ajá rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Bínúkonú ló sọ ajá ọ̀hún, nítorí aládùúgbò kan tó ń yínmú sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni Ọláṣùpọ̀ kú, kò ṣàìsàn ju ọjọ́ méjì lọ. Salome ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Adéìfẹ́, kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ó gbé púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a fi iná yan gbẹ, lọ tà ní Igbotako. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun gan-an fi sọ́kàn.

Bí ọdẹ bá kú lọ́dọ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á yìnbọn sin ín, ṣọ́ọ̀ṣì ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ pé ajá tí kò bá gbọ́ ìbọn ìsìnkú olówó rẹ̀, inú igbó ni yóò máa wá a kiri títí tí òun náà á fi sọnù. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo mú Bínúkonú, mo so ó mọ́ ìdí àgbọn nítòsí ẹnu ìbọn. Ìbọn mẹ́fà dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ajá náà ké bí ọmọ èèyàn, ó já okùn, ó sá wọgbó. Ọjọ́ mẹ́ta la ò rí i. Àwọn obìnrin wà nínú ilé pẹ̀lú opó, wọn ò rí ohun tí mo ṣe. Àwọn ọkùnrin tó rí mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣé fèrè ni mo fọn fún un ni? Kí ẹmu ọjọ́ náà tó tán, wọ́n ti gbàgbé.

Ajá padà wálé, ṣùgbọ́n kì í ṣe Bínúkonú tá a mọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, bí ọ̀kadà bá kọjá, á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Adéìfẹ́, á máa gbọ̀n, á tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan ìyá náà pè mí. "Joel, ajá kì í wo òfo. Bàbá Adéìfẹ́ ló ń rí. Ó ń bínú pé mi ò sí nílé nígbà tó ń kú lọ."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo rí sọ ni, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Pẹ̀lẹ́ ṣá.

Aládùúrà ni ìyá náà. Ó wọ sùtánà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta láti fi bẹ ọkọ rẹ̀. Ó ń rù lójú mi. Èmi wá rò ó pé bí mo bá wo ajá sàn, ìyá náà á jẹun, mi ò sì ní jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ojo ni mí, kí n má parọ́.

Mo lọ bá Vivian, dókítà ẹran kan ní Okitipupa. Ó ní, "Ẹ má nà án, ẹ má sì fà á jáde. Ariwo kékeré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láti òkèèrè, pẹ̀lú oúnjẹ tó fẹ́ràn jù. Bó bá ti ń gbọ̀n, ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn."

Láràárọ̀ ni mo ń dúró sẹ́yìn kànga, mo ń fi ṣíbí kan ọmọrí ìkòkò jẹ́jẹ́, mo sì ń ju ẹja gbígbẹ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ṣa ẹja nílẹ̀ tí kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó mọ ẹni tó so òun. Lọ́jọ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi, mo sunkún. Ìyá Adéìfẹ́ á jókòó síbi tó ti ń fi iná yan púpurú, á máa wò wá. "Olúwa á bù kún ọ, Joel. Ọmọ gidi ni ọ́." Àdúrà yẹn ń ta mí bí ìjàlọ.

Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta, ọ̀kadà kọjá, Bínúkonú kàn gbé etí sókè, ó tún sùn. Mo ní ó parí. Kò parí. Ìyá náà ní, "Ajá ò rí i mọ́. Bàbá Adéìfẹ́ ti kọ̀ mí, ó ti lọ." Ló bá sọ ààwẹ̀ di ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo bá a níbi tó ṣubú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná púpurú.

Mo gbé e wọlé, mo po ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Nígbà tó lajú, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá Adéìfẹ́, èmi ni. Èmi ni mo so ajá yìí síwájú ìbọn lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìró ìbọn ló dẹ́rù bà á. Kò rí ẹnì kankan. Bàbá ò bínú sí yín, mà."

Mo rò pé á gbá mi létí, inú mi ì bá dùn.

"Ṣé pé kò wá rárá?"

"Kò wá, mà."

"Kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

Mo dìde, mo na ẹ̀kọ náà sí i.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Joel. Mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un."

Ó gba ẹ̀kọ náà lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, kò wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọláṣùpọ̀ kú.