Ọ̀rọ̀ tí Kyle Hasbrouck Pa Rẹ́

Bí ẹ bá ṣẹ Noreen Pulvino, ẹ yáa tètè bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí bí ẹ̀ṣẹ̀ bá lè sun ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́jú, ó di ọmọ onílé nìyẹn. Gbogbo àwa tí a jọ ń lọ sí ẹgbẹ́ àwọn adití ní Rochester ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan gé igi òdòdó rẹ̀ láìtọrọ àyè. Títí ọkùnrin náà fi kó lọ sí Florida, kò sí ibi tí wọ́n ti pàdé tí Noreen kò kẹ́yìn sí i. Láàárín àwa tí a ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn sí ọ ti pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Èébú gan-an sàn jù ú lọ.

Ibà ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó lọ sí ilé ìwé àwọn adití, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ènìyàn ló ń rán. Ìbora ọkọ̀ ojú omi ni. Bí ewé bá ti ń wọ́, tí atẹ́gùn adágún Ontario bẹ̀rẹ̀ sí í já ènìyàn létí, àwọn olówó ọkọ̀ á tò sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun náà á sì máa fi abẹ́rẹ́ ńlá gún tapólì títí ọwọ́ rẹ̀ á fi le bí páànù.

Adití bíi tirẹ̀ ni Nunzio ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni Nunzio ti ń tẹ̀wé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ti ń sọ orí àwọn tó ń gbọ́ràn di gbínríngbínrín. Òun ní tirẹ̀ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, á máa jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó ń fẹ́ Noreen, ó gbé ẹ̀rọ kan tó tóbi bí àpótí aṣọ sí yàrá ara rẹ̀, èyí tí ó fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí wáyà tẹlifóònù. Ẹnì kan á tẹ tirẹ̀ tán, á ní “ó yá, ìwọ,” kí ẹnì kejì tó lè fèsì. Nunzio kì í sì í tètè sọ “ó yá, ìwọ.”

Nígbà tí òfin wá dé pé ẹ̀rọ tó bá ń gbé ohùn gbọ́dọ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ kíkọ pẹ̀lú, lójú ẹsẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ìka ṣe ń tẹ̀ ẹ́, inú tọkọtaya náà dùn bíi ti ọmọdé. Kò sí pé à ń dúró de ara ẹni mọ́. Wọ́n lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu bí àwọn tó ń gbọ́ràn ṣe ń ṣe. Bí Nunzio bá ń bínú, Noreen á mọ̀ nínú bí lẹ́tà ṣe ń rọ́ wọlé. Bí ó bá fẹ́ purọ́, Noreen á rí irọ́ náà kó tó tutù.

“Mo ṣì wà níbi iṣẹ́,” Nunzio á tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà á máa padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi tán. “Ó dáa, ilé ọtí ni mo wà.”

“Mo ti rí i! Mo ti rí i kí o tó pa á rẹ́, òpùrọ́ ọkọ!”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi gbé Nunzio ṣánlẹ̀.

Noreen kò lè dá gbé e nílé. Ilé Larkfern, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ni wọ́n gbé e lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, kò sì lè di fóònù mú mọ́, ṣùgbọ́n ìka òsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn onílé náà ti ra ẹ̀rọ tẹlifóònù tó lè gbé ọ̀rọ̀ kíkọ dé gbogbo yàrá, àmọ́ tábìlì iwájú nìkan ni wọ́n ṣí i sí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ arọ ti Nunzio wá síbẹ̀, á sì fi ìka òsì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kyle Hasbrouck ni ọ̀gá tábìlì iwájú. Ọ̀dọ́kùnrin tó dán ni, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí Noreen bá wọlé, Kyle á la ẹnu gbàgà, á máa pariwo mọ́ ọn, bí ẹni pé ariwo ni egbòogi etí.

Ní oṣù Kìíní, yìnyín tí adágún máa ń rán sí wa dé, ó dí gbogbo ọ̀nà pa. Noreen kò lè jáde, ó bá pe Larkfern.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Noreen ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé Nunzio wá.”

Kyle ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tàkúrọ̀sọ lórí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Kò wo ojú ibi tó ń tẹ̀ sí dáadáa, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ti Noreen. Noreen rí i bí lẹ́tà ṣe ń jáde: “Odi yìí tún ti dé. Mi ò lè máa ti òkú ààyè kiri nítorí”

Ó dúró lójijì. Lẹ́tà wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kíákíá, bí ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ tó ń fi bàtà nù ún. Ó dá Kyle lójú pé bí ènìyàn kò bá tíì tẹ “fi ránṣẹ́,” kò sí ẹni tó rí nǹkan kan. Ọkùnrin náà ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ yẹn, kò sì mọ̀ pé kò sí “fi ránṣẹ́” nínú rẹ̀ rárá.

“Ó ń sùn, mà,” ó tẹ̀ ẹ́. “Ẹ pè lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, “Ó ń sùn, mà. Ẹ pè lọ́la.” Nígbà tí ọkọ̀ ìjọba fi máa ro yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, Nunzio ti kú.

Noreen lọ kó aṣọ rẹ̀. Ní yàrá òdìkejì, Màmá Vandermallie, arúgbó adití tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ń ju ọwọ́ sí i kíkankíkan láti orí ibùsùn.

“Ìwọ ọmọ yìí, wá. Níbo lo wà láti ọjọ́ yìí?”

“Yìnyín ni, mà. Mo pè. Wọ́n ní ó ń sùn.”

“Ta ló ní ó ń sùn?”

“Kyle ni, mà.”

“Irọ́ burúkú! Mo ń wo ọkọ rẹ láti ibí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìka rẹ̀ ń tẹ orí itan rẹ̀, báyìí, báyìí. Ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí itan ara rẹ̀ ni.”

“Kí ló ń sọ, mà?”

“Ojú mi ò tó o, ọmọ mi.”

Noreen di aṣọ náà, ó gbé e jáde. Kyle dúró nídìí tábìlì, ó la ẹnu: ó ní àwọn bá a kẹ́dùn, ó ní ojú oorun ni bàbá kú sí, kò jẹ̀rora. Noreen ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wá kẹ́yìn sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, a ń jẹ ẹja díndín ọjọ́ Ẹtì. Bernice Tuttle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ kí Noreen lè wo òun.

“Lọ fẹjọ́ wọn sun ìjọba. Òfin wà lẹ́yìn rẹ.”

“Bí mo bá fẹjọ́ sùn, onílé á sanwó ìtanràn, Kyle á sì máa jẹun ọ̀sán rẹ̀ lọ. Mi ò bá onílé jà. Kyle ni mo fẹ́.”

“Kí lo fẹ́ ṣe fún un? Noreen, má fi wá sẹ́wọ̀n o.”

“Mo kàn fẹ́ máa pè é ni.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó pè.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Noreen Pulvino ni. Ṣé Nunzio ti jí?”

Kyle ló dáhùn. “Mà, ọkọ yín ti,” lẹ́tà jáde, lẹ́tà padà. “Mo rò pé ẹ mọ̀ pé,” ìyẹn náà padà. “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bàbá ti kú.”

“Ẹ ní ó ń sùn. Ẹ ní kí n pè lọ́la. Ọ̀la rèé.”

Ó ń pè lójoojúmọ́ lásìkò tí Kyle bá fẹ́ máa lọ sílé. Òfin ilé wọn ni pé ìpè tó bá wọlé, ohùn ni o, ìkọ̀wé ni o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti pàjáwìrì. Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ tó ń bá Nunzio gbá bọ́ọ̀lù yíyí tẹ́lẹ̀ náà gbọ́. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹnì kan láàárọ̀: ṣé Nunzio ti jí? Ẹnì kan lọ́sàn-án: ẹ bá mi jí Nunzio. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Noreen á jókòó ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé fóònù síwájú, á máa wo Kyle tó ń kọ, tó ń pa rẹ́, tó ń kọ. Ó wá mọ ìbẹ̀rù rẹ̀ lẹ́tà lẹ́tà.

Níkẹyìn Kyle tẹ̀ ẹ́ pé, “Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?”

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Noreen fi tẹ èsì tirẹ̀, kí oró rẹ̀ lè wọlé dáadáa.

“Odi yìí tún ti dé. Mi ò lè máa ti òkú ààyè kiri nítorí. Nítorí kí ni, Kyle? Parí ẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì tí Noreen pè, ìkọ̀wé kò wọlé. Ẹ̀rù ti ba Kyle, ó ti pa ìkọ̀wé ẹ̀rọ náà láti ìdí. Ẹ̀rín pa wá ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà. A ní Noreen ti borí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni Dale, ọmọ Màmá Vandermallie, já wọ gbọ̀ngàn láti Buffalo. Adití ni òun náà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń sáré sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi ń já mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ta ni Noreen?”

“Èmi nìyí.”

“Àyà ìyá mi dí, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ ọ́! Mo pè, mo pè, kò wọlé. Nígbà tí mo dé, ibùsùn rẹ̀ ṣófo. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò? Ẹ̀yin ń bá ọkùnrin yẹn ṣeré ológbò àti eku, orí ìyá mi ló wó lé!”

“Ṣé màmá wà láàyè?”

“Ó wà láàyè. Kì í ṣe ọpẹ́lọpẹ́ rẹ.”

Noreen jókòó, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bernice fẹ́ dì mọ́ ọn, Noreen ní kó fi òun sílẹ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò bomi pa iná inú rẹ̀. Ńṣe ló tún kó igi sí i.

Ọ̀rọ̀ náà wá kúrò ní eré. Noreen, Dale àti Bernice kó ohun gbogbo tó wà lójú fóònù wọn lọ síwájú ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé Larkfern, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà ì bá ti máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo yàrá láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ọwọ́ Kyle ló pa á. Onílé kò gbèjà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ṣí ìkọ̀wé sí gbogbo yàrá, wọ́n sì lé Kyle.

Yìnyín ti ń yọ́ di ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí iná tí Noreen fi ṣe aago ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kyle ló dúró síta, ó rù, kò fá irùngbọ̀n. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ó na fóònù rẹ̀ sí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ níṣojú rẹ̀.

“Mo wá bẹ̀ yín. Ìyàwó mi,” ó pa á rẹ́. “N ò mọ̀ pé ẹ rí i.”

Noreen gba fóònù náà. “Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Ká ní o mọ̀, wàá ti pa ẹnu mọ́, ọkọ mi á sì ṣì wo ẹnu ọ̀nà títí tó fi kú.”

Kyle kà á, ó bú sẹ́kún lórí àtẹ̀gùn. Noreen dúró, ó wo ẹkún náà dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Kò bá ẹnikẹ́ni purọ́ lórí ìyẹn. Nígbà tó wò ó tó, ó dá fóònù rẹ̀ padà fún un, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ yan sọ́séèjì jẹ.

Nígbà tí ooru dé, tí ọkọ̀ ti padà sórí adágún, Noreen lọ kí Màmá Vandermallie, tó ti padà sí Larkfern. Ó ti ń sá fún un láti ọjọ́ tí Dale wá. Arúgbó náà wò ó títí.

“Dale ní kí n má bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ó lẹ́tọ̀ọ́, mà.”

“Àwọn kan níbí ní torí wa lo ṣe jà. Wọ́n fẹ́ ṣe kéèkì fún ẹ. Ṣé torí wa ni?”

“Rárá, mà. Torí ti ara mi ni. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀yin níbí, màá ṣe é.”

“Mo mọ̀.” Màmá Vandermallie rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ méjèèjì tó kù yọ síta. “Ká ní o purọ́ fún mi ni, ǹ bá lé ẹ jáde. Ó yá, gbé kẹ̀kẹ́ mi. Tì mí lọ sétí adágún, kí o ra áísìkiriìmù fún mi. Funfun ni o, má ra aláwọ̀ mèremère yẹn.”

“Dókítà gbà bẹ́ẹ̀, mà?”

“Ṣé dókítà ni mo ní kó tì mí ni?”

Noreen gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó fi ìbora bò ó lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí adágún, èrò ti tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú ilé áísìkiriìmù. Wọ́n tò sẹ́yìn wọn.