Ọwọ́ tó ń yọ lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì

Ibi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ́ níwájú ilé wa ní Ṣàngó ni ọkọ mi máa ń páàkì bọ́ọ̀sì akérò rẹ̀ sí, torí kíkì tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí ti bàjẹ́. Réwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní àfi kó ra tuntun. Ó kọ̀.

"Bíréèkì ni màá kọ́kọ́ ṣe. Tí ọkọ̀ ò bá jí, a ó tì í. Tí ò bá wá dúró ńkọ́?"

Tó bá ṣe bíréèkì tán, rédíétọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń ti ọkọ̀ láràárọ̀. Màá ká híjáàbù mi sókè, òun á pariwo látinú ọkọ̀ pé, "Ìyá Àfúsá, ó yá, Bísímílà!" Tí ọkọ̀ bá ti jí, kò gbọdọ̀ dúró, kó má baà tún kú. Nítorí náà, kì í ráyè dágbére. Ọwọ́ ló máa ń nà síta lójú fèrèsé títí á fi yà sọ́nà Òkè-Òyì.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ gba ọkọ̀, ó ra kíkì tuntun. Ó máa ń dúró dágbére fún mi dáadáa: "Ìyàwó wa, mo ń lọ o." Màá ṣàdúà fún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbéra, màá dúró sójú ọ̀nà, màá máa wo fèrèsé, bóyá ọwọ́ kan á yọ.