Ẹni Tó Ń Hanrun

Ọ̀gbẹ́ni Mímọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, wọn kò sì sọ ọ́ lásán. Kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, yóò nu bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀pù rẹ̀ ń gbé inú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún wọn pé ìyàwó òun ń parọ́ mọ́ òun pé òun ń hanrun, nígbà tó jẹ́ pé firíìjì ló ń dún. Àṣìṣe kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ tan rárá.

Ètò kọ̀ǹpútà táwọn ilé ìkàwé fi ń yáni níwèé ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀yà mẹ́fà, ẹnì kan sì ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irinṣẹ́ tó ń kó wọn jọ láti dán wọn wò a máa ṣe gbogbo rẹ̀ lójú kan, lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a sì máa pín mẹ́mọ̀rì kan ṣoṣo lò, ìyẹn ààyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, bí ọmọ mẹ́fà lórí ẹní kan. Tí ọ̀kan bá ṣubú, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yà Àbúrò, obìnrin tó kéré jù láàárín wọn, ló sì máa ń ṣubú.

Mímọ́ dájọ́ kíá. Ó fẹjọ́ Àbúrò sùn títí Màmá, ọ̀gá wọn, fi ní bó bá tún ṣubú ní Jímọ̀, kí Àbúrò lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Ọkàn ọmọbìnrin náà kò balẹ̀ mọ́.

Kó lè dá Màmá lójú pé Àbúrò ló ń fà á, Mímọ́ yí irinṣẹ́ náà padà fúnra rẹ̀: kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú mẹ́mọ̀rì tirẹ̀.

“Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀,” ló wí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó sì gbé àbájáde sójú ògiri kí kálukú lè rí i.

Ẹ̀yà márùn-ún parí, wọ́n yọ àwọ̀ ewé, àmì pé wọ́n yege, ti Àbúrò wà lára wọn. Ti Mímọ́ nìkan ló pọ́n wẹ̀ẹ̀. Àṣé ẹ̀yà tirẹ̀ ló ń jẹ mẹ́mọ̀rì tán láìdá a padà. Ẹ̀yà Àbúrò, tó tẹ̀ lé e, ló ń bá àwo òfìfo, tó sì ń ṣubú.

Màmá yíjú sí i. Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu bọ́tìnì.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká dá wọn padà sójú kan,” ó ní. “Ṣebí ìdílé kan ni wá.”

“Ẹ má da ara yín láàmú, Ẹ̀gbọ́n,” Àbúrò dáhùn. “Bóyá firíìjì ni.”