Ìbéèrè tí Mo Kọ sí Etí Ìwé

Èmi kì í ka ìwé jẹ́jẹ́. Bí mo bá ń kàwé, ìjà ni mò ń jà. Ìwé ìtàn àwọn ọba àtijọ́, ìwé ìgbésí ayé àwọn olóṣèlú, ìwé ọ̀ràn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, èyíkéyìí tí ẹ bá rí lórí tábìlì mi ní àdúgbò Plateau ní Ṣábẹ níhìn-ín, ẹ ṣí i, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ tí mo fi kálàmù bíìkì pupa kọ ní etí rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń bá wọn jà. Níbi tí òǹkọ̀wé kan bá ti ní ọba kan ló mọ odi ìlú, mo máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Òun nìkan ló po amọ̀ ọ̀hún?" Níbi tí mínísítà kan bá ti ń ròyìn ìyà tó jẹ kó tó là, mo máa ń kọ pé, "Ìyàwó tó ń fọ ṣòkòtò rẹ nígbà náà ńkọ́?" Iṣẹ́ olùkọ́ ló kó bá mi. Ẹni tó ti fi bíìkì pupa jẹun láti ìgbà èwe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un.

Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn sí ara mi. Mo gbà pé mo gbọ́n ju gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé lọ. Ìwé ọ̀ràn ìpànìyàn ló wá burú jù, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti ń di adájọ́. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí, mo ti bá a wí. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ sínú igbó, mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń jókòó sórí àga mi, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, kí n máa sọ ohun tí òkú ìbá ti ṣe kó má bàa kú. Òkú kò sì lè dá mi lóhùn, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn fún mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní n kò ní jókòó kí ara mi máa kú sórí àga. Mo kó àwọn obìnrin kan jọ, mo ń kọ́ wọn ní kíkà àti kíkọ Yorùbá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi. Àwọn tí òbí wọn kò rán lọ sí ilé ìwé nígbà èwe ni wọ́n. Mo le mọ́ wọn bí mo ṣe le mọ́ àwọn ọmọdé. Òfin kan wà tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: bí a bá kọ ìbéèrè, a ó fi ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ìdáhùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìbéèrè tí kò fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè mọ́, èébú ni.

Ọ̀kan nínú wọn máa ń ti oko rẹ̀ ní Bèsé wá. Kajú ló ń ṣà bí àsìkò rẹ̀ bá dé, ebè iṣu ló ń kọ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, tòun ti òórùn èso kajú lára aṣọ, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn lọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti kú sí Kútọnu ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra sọ́nà ló pa á. Gbogbo Ṣábẹ ló gbọ́. A lọ kí ìyá náà, a jókòó, a mi orí, a dìde. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún dárúkọ ọmọ yẹn níwájú rẹ̀, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. A ní ọ̀wọ̀ ni, ká má bàa ṣí ojú ọgbẹ́. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà wá.

Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan tí mo kọ́ ní ilé ìwé nígbà kan, tó ti di ará Kútọnu báyìí, fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Ó mọ irú oúnjẹ tí mo ń jẹ: àkójọ ọ̀ràn ìpànìyàn ni, gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé ẹ̀wà kaná ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó ti ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí mo dé orí karùn-ún, òǹkọ̀wé ní ọmọbìnrin tí wọ́n pa náà wá láti ìlú kan ní ẹsẹ̀ òkè olókùúta, níbi tí ojú irin gbà kọjá, tí koríko ti hù bo irin ọ̀hún. Ó pa orúkọ ọmọ náà dà. Ta ló fẹ́ tàn? Mo gbójú sókè, mo rí òkè náà láti ojú fèrèsé mi.

Mo mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò pa ìwé náà dé. Ó dùn ún kà. Ọlọ́run mọ̀ pé ó dùn ún kà. Ẹ̀wà jóná, èéfín gba inú ilé, mo sọ ìkòkò kalẹ̀ láìwo inú rẹ̀, mo padà sídìí ìwé. Mo mọ ìyá tó bí ọmọ yìí, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti ń mú bíìkì dání, síbẹ̀ mo ń sáré ṣí ojú ewé kí n lè tètè dé ibi tí wọ́n ti pa ọmọ rẹ̀.

Bíìkì tèmi náà kò sinmi. Níbi tí ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ gbá ọmọ náà létí, mo kọ ọ́ pé, "Kí ló tún ń dúró dè?" Níbi tí àwọn ará ilé kejì ti gbọ́ igbe tí wọ́n yí rédíò wọn sókè, mo kọ ọ́ pé, "Ẹranko ni yín." Ìgbà tí mo dé ibi tí òǹkọ̀wé ti ní ọmọ náà fara da ìyà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ará ilé rẹ̀ kankan tó yọjú sí i, inú bí mi burúkú. Mo tẹ bíìkì mọ́ ìwé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu: "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ìyá wà?" Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta tí n kò mọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn jẹ lánàá. Mo kọ ọ́ tóbi, tó bẹ́ẹ̀ tí àyè kankan kò kù ní etí ojú ewé náà mọ́.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ, mo sì ro gbogbo ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó gbàgbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, inú mi dùn sí i. Nígbà tí mo parí tán ni mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Èmi tí mo fi òwe náà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èmi ni mo là á mọ́lẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá ọmọ náà fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ọjọ́ náà kì í sì í ṣe Ọjọ́bọ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ òun wà nínú ìwé kan, pé ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, kí n dákun kí n ka ibẹ̀ fún òun. Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n mo gbé ìwé náà. Mo jókòó, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń kà á lọ. Mo ka ibi tí wọ́n ti ní ọmọ náà ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì, pé ọwọ́ rẹ̀ yá, pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Mo fo ìgbátí. Mo fo igbe. Mo fo ibi tí mo sáré dé lọ́jọ́sí. Gbogbo ohun tí mo fi odindi òwúrọ̀ kà, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí mo fi kà á fún un. Ó ń wo ọwọ́ mi bí mo ti ń ṣí ojú ewé.

Ó ní mo ti fo ibì kan. Mo ní n kò fo ibì kankan. Ó mi orí, kò bá mi jiyàn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n yá òun ní ìwé náà, kó kàn wà nínú yàrá òun fún ọjọ́ díẹ̀. Mo gbé e fún un. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó dá zẹ́mì alálùpùpù kan dúró, ó gùn ún lọ.

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, ó ṣe tán, kò gbọ́ Faransé. Ìgbà tí mo jókòó ni ojú mi lọ sára bíìkì pupa tó wà lórí tábìlì. Nínú gbogbo ìwé yẹn, láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn, ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà lè kà ni ohun tí mo kọ sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kíkà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló sì ń rí lójú pátákó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò lè ṣì í mọ̀.

Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Eruku ni mo bá lójú títì. Mo lè wá a lọ sí Bèsé ní ọjọ́ kejì, kò sí ohun tó dí mi lọ́wọ́. N kò lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé orúnkún ń dùn mí. Ó ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá mi dúró. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin yòókù dé, òun kò dé. Wọ́n ní bóyá kajú ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó fún wọn, ìgbà tí mo wẹ̀yìn wò ó, n kò fi ìlà kankan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló rán mi létí.

Ní ọjọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, a dé ibi tí gbogbo wa ń fọwọ́ lu àyà pé a ti ṣẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń lu àyà yìí, n kò mọ̀ pé ó máa ń dunni. Nígbà tí àwọn tó kù dìde lọ gba ara Olúwa, mo jókòó síbi tí mo wà. Ọ̀rẹ́ mi aránṣọ wò mí láti ìjókòó òdìkejì, ó tètè gbójú kúrò.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé, kí àwọn tó kù tó dé. Ó kí mi, ó tú ìborùn, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì ṣí i síbi tó ti fi ewé kajú kan há a. Ó ní òun ti ka gbogbo ohun tí mo kọ sí orí tó jẹ́ ti ọmọ òun, pé ó gba òun ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bí mo ti kọ́ ọ, ó kà á sókè, kò ṣi ẹyọ kan.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ìyá wà?"

Mo dàgbà ju obìnrin yìí lọ dáadáa. Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀, tèmi ti orúnkún tó ń dùn mí. Mo ní mo jẹ̀bi. Mo ní kó bú mi, kó ṣe mí bó bá ṣe fẹ́. Ó ní kí n dìde, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún òun. N kò lè dìde. Ó wá fa àga kan, ó jókòó, kí ojú àwa méjèèjì lè bára mu.

"Màdáámù," ó ní, "àwọn ọlọ́pàá bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ọkùnrin náà. Ẹni tó kọ ìwé yìí kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Nínú gbogbo Ṣábẹ, ẹ̀yin nìkan ni ẹ béèrè ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni ẹ ti béèrè." Ó wo ìwé náà. "Ẹ kò sì fi ìlà sílẹ̀."

Ó ní kí n fún òun ní bíìkì. Ó wá àyè yí ká ojú ewé náà, kò rí, àfi ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ Faransé parí sí. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó fi eyín mú ètè bó ti máa ń ṣe bí mo bá ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn kọ. Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin yòókù láti ìta. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó yí ìwé náà sí mi. Àṣà kíláàsì wa ni pé bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò kà á sókè. Ó ní kí n kà á.

"Mo wà ní Bèsé, mo ń ṣa kajú. Ọmọ mi ní ara òun le. Ó ní òun ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta. Mo se iṣu dè é."

Mo fi ìka tẹ̀ lé e bí mo ti ń kà á. Nígbà tí mo parí, àwọn obìnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀, ìwé wọn wà lábẹ́ apá. Ó wẹ̀yìn, ó wò wọ́n, ó tún kọjú sí mi.

"Ẹ tún un kà," ó ní, "kí wọ́n lè gbọ́."

Mo dìde, mo tún un kà.