Ìgò Ẹmu Tí Mo Gbé Wọ Èkó

Òórùn ẹmu àárọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Oregun nígbà náà. Ìwọ tí o mọ ibẹ̀ sí ilé iṣẹ́ àti èéfín, o lè má gbà mí gbọ́, àmọ́ igbó ọ̀pẹ ni gbogbo ibẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, bàbá mi ló sì ń dá ẹmu níbẹ̀. Èmi ń ránṣọ ní Agége. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Ọdún méjì gbáko ni màmá rẹ̀ fi ń pè mí ní "ìyàwó mi", tó ń jẹ ọbẹ̀ mi, tó ń wọ bùbá tí mo rán. Lọ́jọ́ kan ló ránṣẹ́ pè mí, ó ní àwọn ti rí ọmọ ọlọ́lá kan ní Èkó, àwọn ò lè fẹ́ ọmọ adẹ́mu. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ṣé kò yẹ kó tán síbẹ̀? Nígbà tí ìdána ku ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin yìí tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú ò tì í! Ó ní kí n mú àwọn dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, nítorí kò sí ẹmu tó dùn bíi tiẹ̀. "Ìwọ náà lo máa bá wa gbé e wọlé àna wa," ló wí. Ha! Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò burú, Mà."

Ọkọ̀ àyálò ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ ìdána. Ọmọkùnrin náà jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi àti màmá rẹ̀ wà lẹ́yìn. A gba àdúgbò àwọn òyìnbó ní Ìkẹjà, níbi tí òdòdó pupa ti bo ọgbà, tí ọ̀dà sì ń dán lójú títì. "Irú ibí ni ọmọ mi máa gbé," màmá náà ń wí. Kò pẹ́ tí ọ̀dà tán, eruku Oregun sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bá wa.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, igbà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó bu ẹmu, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu, kó tó gbé igbá fún wọn. Màmá náà ò fẹ́ akèrègbè o, ó ní ará Èkó kì í wo irú ẹ̀. Ìgò ńlá kan tí ọtí òkè òkun ti tán nínú rẹ̀ ló gbé wá. Bàbá mi sẹ́ ẹmu sínú rẹ̀ títí dé ọrùn. "Ọmọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀," ó ní, "á sọ fún yín." Ó padà sídìí ọ̀pẹ rẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ẹmu tuntun ń hó, ewé ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu kó lè máa mí. Màmá náà yọ kọ́ọ̀kì, ó yọ àbẹ́là. "Ṣé kí n dí i?"

"Ẹ dí i pa, Mà. Èkó jìnnà."

Ó ki kọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, ó kán ìda lé e, ó fi wáyà wé e. Èmi ni mo bá a di àbẹ́là mú.

A gun afárá, a wọ Èkó. Ìlú náà lẹ́wà lọ́jọ́ yẹn! Ọ̀sà ń kọ mànà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ igi ní Màrínà. Màmá ní kí dírẹ́bà yí i ká lẹ́ẹ̀mejì kí ayé lè rí àwọn, oòrùn sì ń ta gan-an. Ìgò náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ó ti gbóná. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kẹta.

Nínú pálọ̀ àna, mo gbé e síwájú bàbá ìyàwó, mo fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Wọn ò tíì ṣe àmín tán nígbà tó dún gbàù! Kọ́ọ̀kì gbé fìlà kúrò lórí bàbá ìyàwó. Ìfóòfó bo màmá àti aṣọ àrán rẹ̀, ó ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Bàbá ìyàwó nu ojú, ó dìde. "Ẹ kó ẹrù yín. Ìdána tó bẹ̀rẹ̀ báyìí, a ò ṣe." Àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ yíjú wò mí. Mo wò ó lójú kòró, mi ò ṣẹ́jú.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, obìnrin náà ti kéde kiri Agége pé adẹ́mu Oregun sà sí ẹmu nítorí pé àwọn kọ ọmọbìnrin rẹ̀. Ta ló fẹ́ mu ẹmu oṣó? Nígbà tí mo délé ní Oregun, ẹmu ti kan lábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó wá rà á. Bàbá mi bi mí ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "Ṣé o sọ fún wọn pé kí wọ́n má dí i?"

"Rárá, Bàbá."

Ó ká igbà rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ lo gbẹ̀san. Èmi ni wọ́n ń pè ní oṣó."

Mo lè lọ dúró lójú ọ̀nà Agége kí n ké pé èmi ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn á gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, mi ò sì fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn. Bàbá mi kú mọ́ orúkọ yẹn. Wọ́n máa ń ní ẹ̀san kì í dùn. Irọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi, ó dùn. Bàbá mi ni mo fi rà á.