Akọ̀wé Ìjọ, Fíláàṣì Mi, àti Ìbéèrè Tí Mo Yọ Kúrò

Akọ̀wé ìjọ wa ní Ekpan ni ó ṣẹ̀ mí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ọdún Àjíǹde tó kọjá, nígbà tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó ki ọwọ́ bọ àpò mi, ó mú fíláàṣì tí mo fi ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi pamọ́, kò sì sọ fún mi. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ìpàdé àwọn àgbà kò jẹ́ kí n sọ tèmi tán.

Kí ẹ tó gbè mí, ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ìwé karùn-ún ni mo kà dé ní Ubeji kí bàbá mi, apẹja ará Ìlàjẹ, tó mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, wíwò ni mo fi kọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọ rí kọ̀ǹpútà àlòkù méjìlá gbà fún àwọn ọmọ, èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú yàrá náà. Mo fẹ́ràn ipò yẹn ju bí ó ti yẹ lọ.

Línúùsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo ń fi sí wọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ni ẹ̀rọ tó ti dàgbà lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi í sí ẹ̀rọ, yóò máa béèrè: èdè wo, ìlú wo, kí ni orúkọ rẹ, ṣé kí n pa ohun tó wà níbí rẹ́? Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ á dúró lẹ́yìn mi, èmi á sì máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ṣa eegun lára ẹja ṣáwá. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin bíbí inú mi ní, “Papa, make I read am for you?” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín mi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ ìwé ìdáhùn kan sínú fíláàṣì. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè sílẹ̀; sí ti pípa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, “bẹ́ẹ̀ ni” ni mo kọ. Mo to orúkọ àwọn ètò tí ẹ̀rọ yóò gbé wọlé, mo sì kó àwọn ètò náà fúnra wọn pamọ́ sínú rẹ̀ kí a má baà máa jó dátà. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, tó ń wádìí bóyá ó dá ènìyàn lójú, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kí ló kù tí kò dá mi lójú? Mo tún ṣètò gbogbo ẹ̀rọ ìjọ, ti ọ́fíìsì pẹ̀lú, kí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ti fíláàṣì bí a bá tàn wọ́n. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rọ méjèèjìlá ló ń jẹ́ “Ọ̀gá,” orúkọ tí mo fún ara mi. Mo mọ̀ pé àṣìṣe ni. Mi ò tún un ṣe.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù tó kàwé gan-an, ń wá ohun tí yóò fi gbé ìwé ètò ìsìn lọ fún àwọn atẹ̀wé. Ó rí fíláàṣì mi, ó tì í bọ ẹ̀rọ ọ́fíìsì, ó tan ẹ̀rọ, ó sì lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Kó tó padà, ẹ̀rọ náà ti ń jẹ́ “Ọ̀gá,” orúkọ gbogbo àwọn tí a ti rìbọmi láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ ti pòórá. Kò sí ẹ̀dà kankan.

“Baba Kọ̀ǹpútà, wetin be dis? Ta ni Ọ̀gá?”

“Èmi ni, sà.”

“O pa ìwé ìjọ rẹ́!”

“Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín tì í bọ̀ ọ́, sà. Ẹ ò bi mí.”

“Ẹ̀rọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó bi èmi náà?”



Àwọn àgbà gba yàrá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn dé. Mo ń kọjá lọ, mo sì rí i tí ó ń fi fíláàṣì mi ṣe iṣẹ́ náà, ó ká apá, kò ka ohunkóhun.

Mo gbà pé ìtìjú ni ó jẹ́ kí n yọ ìbéèrè náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ohun olóhun láìtọrọ, tí kò sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ṣé òun ló yẹ kí wọ́n fi yàrá náà fún? Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ẹjọ́ náà. Bí ẹ bá ní èmi ni mo jẹ̀bi jù, n óò gbà, n óò sì dákẹ́.